Bàbá Ọbẹ̀-Lọ́tọ̀ àti Àwo Ìyàwó Rẹ̀

Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn páìpù tí Bàbá Ọbẹ̀-Lọ́tọ̀ gbé ka orí tábìlì níbi àpèjẹ ìfẹ̀yìntì ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an ò pọ̀. Àwọn kan ní ńṣe ló ju páìpù náà. Irọ́ ni. Àwọn kan ní ó fi gbá olóúnjẹ lórí. Irọ́ tó tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé ilé-ìwé náà, ló jókòó tì í lọ́jọ́ náà, òun ló sì mọ̀ ọ́n. Jẹ́jẹ́ ni Bàbá, tó jẹ́ púlọ́ńbà tó ń tún páìpù omi ìlú ṣe, ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló tú ìwé ìròyìn kúrò lára ègé páìpù kan, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí aṣọ funfun, láàárín òdòdó àti àkàrà òyìnbó.

"Kí nìyí?" ni ọ̀gá ilé-ìwé bi í.

"Ọ̀rá ni, sà. Abẹ́ ibi tí olóúnjẹ yín ti ń fọ abọ́ ni mo ti gé e lóṣù tó kọjá. Ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Ìka ọmọ tuntun ò lè gbabẹ̀ kọjá mọ́. Irin sì lèyí o, sà! Ẹran ara ni tiyín."

Olóúnjẹ sáré dé, ọbẹ̀ ń kán lára ṣíbí ńlá tó mú dání. "Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Mo ní kí ẹ bu ìrẹsì, kí ẹ má da ọbẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dà á lé e."

"Bá a ṣe ń bù ú fún gbogbo èèyàn nìyẹn!"

"Èmi kọ́ ni gbogbo èèyàn. Ẹ bu ọbẹ̀ lọ́tọ̀!"

Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wo inú páìpù, ó wo itan adìyẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé itan náà sínú àwo ìyàwó tirẹ̀.

Akọ̀wé ò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Bó ṣe ti ìlẹ̀kùn ló bú jáde.

"Ẹ dójú tì mí! Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Páìpù! Láàárín òdòdó!"

"Kí lo jẹ níbẹ̀?"

"Ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà o."

"Mo ní kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì funfun. Ẹja. Ẹ̀fọ́."

"Iyọ̀ ńkọ́?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Máa bínú ẹ lọ."

Ohun tí ìlú ò mọ̀ nìyí: Bàbá Ọbẹ̀-Lọ́tọ̀ kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà sì ti sọ ọ́ fún un láìfi bò pé bí kò bá yé jẹ iyọ̀ àti ọ̀rá bó ṣe ń jẹ ẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Nílé, ìyẹn ò le. Ta ló ń sebẹ̀ bí kò ṣe òun fúnra rẹ̀? Ìta ni ìṣòro wà. Iṣẹ́ akọ̀wé ilé-ìwé ò yàtọ̀ sí iṣẹ́ àlejò: òní ìgbéyàwó ọmọ olùkọ́, ọ̀la ìpàdé àwọn òbí, ọ̀túnla àpèjẹ ọjọ́ ìbí. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ tí ọ̀rá ń dán lójú rẹ̀.

Kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Akọ̀wé tó ṣáájú rẹ̀ ló sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ara òun ò yá. Wọ́n kẹ́dùn, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀. Ó ṣì ń sinmi títí dòní.

"Bí ẹnikẹ́ni bá fi lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín," ló sọ fún ọkọ rẹ̀, "ẹ óò rí ìjà mi."

Púlọ́ńbà họ orí. "Kò burú. Èmi ni màá máa ṣàìsàn náà."

Ó sì ṣe é dójú àmì. Bí wọ́n bá ti jókòó níbi àpèjẹ, á pariwo pé òun ò jẹ iyọ̀, òun ò jẹ ọ̀rá, kí wọ́n sun ẹja tòun lọ́tọ̀. Á jà, á jà, títí wọ́n á fi gbé àwo aláìníyọ̀ náà wá pẹ̀lú ìbínú. Bí olóúnjẹ bá ti kẹ̀yìn, á fa àwo náà síwájú ìyàwó rẹ̀, á sì fa tìyàwó rẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Gbogbo ọbẹ̀ ọlọ́ràá tó yẹ kó pa obìnrin náà, ikùn rẹ̀ ló ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń béèrè bí ọkùnrin tí kì í jẹ ọ̀rá ṣe sanra tó báyìí, tí ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ ohun gbogbo sì ń rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ló rí bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Ọbẹ̀-Lọ́tọ̀ máa ń dá wọn lóhùn, á sì gé ẹran ọlọ́ràá mìíràn.

Kì í ṣe pé inú ìyàwó rẹ̀ ń dùn sí i. Rárá o. Ìbínú ló fi ń jẹ gbogbo ẹja náà. Ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè fohùn jẹ́jẹ́ béèrè ẹja sísun ni? Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ kan ìyàwó náà mú Bàbá lọ sí ilé oúnjẹ kan fún ọjọ́ ìbí Bàbá, ó sì mú kó ṣèlérí pé kò ní jà. Ó ṣèlérí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì béèrè oúnjẹ tán tí ariwo fi sọ nínú ilé ìdáná: ihò omi ti dí, omi ẹlẹ́gbin ti ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣé púlọ́ńbà kọ́ lẹ jẹ́ ni, Bàbá?" ni alásè ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá!"

Bàbá Ọbẹ̀-Lọ́tọ̀ wọlé sínú ilé ìdáná, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí àpótí kan, ó jókòó tì í, ó sì káwọ́ lẹ́rán. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè?" ni alásè bi í.

"Mò ń dúró de ẹja tẹ́ ẹ máa sun. Láìsí iyọ̀. Kí ẹ bọ ẹ̀fọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Nínú omi yìí?"

"Mi ò kánjú. Ẹsẹ̀ mi tutù, ara sì ń tù mí."

Wọ́n sun ẹja, òun náà sì tún ihò omi náà ṣe. Nígbà tó padà sórí ìjókòó pẹ̀lú ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún, ojú ìyàwó rẹ̀ ti le bí òkúta. Bàbá ní òun ò jà. Ó tọ̀nà, kò tilẹ̀ dìde.

Ti àkàrà òyìnbó àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló tún wá burú jù. Bó bá ti rí i pé wọ́n ń gbé wọn bọ̀ ní tábìlì tiwọn, á fa ìyàwó rẹ̀ dìde pé ó yá, ijó ti tó. Kò mọ ijó jó rárá. Ńṣe ló máa ń jó bí ẹni tó há sábẹ́ ibi ìfọbọ́, tó ń gbìyànjú láti tú nọ́ọ̀tì páìpù tó ti dípẹtà. Orin lè má sí, kò ní bìkítà. Wọn á jó títí àwọn tí wọ́n jọ jókòó á fi jẹ àkàrà náà tán.

Nígbà tí Bàbá kú, wọ́n ní oúnjẹ aláìníyọ̀ ló pa á. Ẹ jẹ́ ká tún èyí náà ṣe. Àkàbà ló yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń tún táńkì omi ṣe. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kò sì sí ẹni tó rán an gun ibẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bínú sí i fún àkàbà náà ju bó ṣe bínú sí i fún páìpù lọ. Àwọn èèyàn ń wá kí i, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń dúró tì í pé kó jẹ ẹ́ lójú àwọn. Ó ń jẹ ẹ́. Ta ló fẹ́ bá a jà? Nígbà tó padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, ta ló ń bá yín ṣọ́ oúnjẹ tẹ́lẹ̀?"

"Ó ti kú," ló dáhùn.

"Ẹ yáa tètè wá ẹlòmíràn o."

Lọ́sẹ̀ kejì ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi akọ̀wé sí àárín olùkọ́ ìṣirò àti obìnrin tó ń tọ́jú ìwé kíkà. Wọ́n gbé àwo síwájú rẹ̀: ìrẹsì tí ọbẹ̀ bò mọ́lẹ̀, ẹran díndín tí òróró ń sun lára rẹ̀. Ó mú ṣíbí. Olùkọ́ ìṣirò rẹ́rìn-ín.

"Màmá, a mà ṣàárò Bàbá lónìí o. Ẹ sì wò ó, gbogbo ìyọnu yẹn lórí iyọ̀, ẹ̀mí ò kúkú gùn. Ó yẹ kó ti jẹ ìgbádùn ara rẹ̀ nígbà tó wà láyé."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ó dìde.

"Olùkọ́, ẹ gbọ́. Bàbá jẹ iyọ̀. Ó jẹ ọ̀rá. Ó jẹ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń bù fún mi láti ọdún mẹ́jọ! Ẹ̀jẹ̀ tèmi ló ń ru. Èmi ni mo ń ṣàìsàn, ẹ jẹ́ kí gbogbo tábìlì gbọ́! Ẹni tó bá sì fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kó dìde báyìí kí n rí i."

Kò sẹ́ni tó dìde. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé kíkà fà á láṣọ wẹ́rẹ́. "Ẹ bá mi gbé tèmi náà dání, ẹ̀gbọ́n," ló fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ. "Èmi náà ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."

Ó gbé àwo méjèèjì, ó rìn la àárín àwọn oníjó kọjá, ó sì wọ ilé ìdáná.

"Ẹ sun ẹja méjì fún mi. Kí iyọ̀ má kàn án."

"Ìyá, ẹja ti tán," ni alásè wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

"Méjì ló wà nínú agbada yẹn, mò ń fi ojú ara mi rí i. Wọn ò tíì fi iyọ̀ kàn wọ́n. Ẹ má parọ́ fún mi! Mi ò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí, kò sì sí àwo kan tó máa gba ibí kọjá títí ẹja yẹn á fi jinná."

Alásè yíjú padà, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì da ojú ẹja kọ iná. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ létí, ṣùgbọ́n akọ̀wé gbọ́ ọ ketekete:

"Wọ́n ní ọkùnrin yẹn ti kú. Obìnrin tó fi sílẹ̀ yìí mà tún le jù ú lọ o!"

Láti ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú, kò sì sí ọ̀kan tó wọ̀ ọ́ létí. Èyí wọ̀ ọ́. Ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀, àwọn agbáwo sì tò sẹ́yìn rẹ̀, wọn ò rí ọ̀nà kọjá, títí ẹja fi jinná.