Ọjọ́ Tí Orí Ìyá Mi Jáde Nínú Iná

Títí láé ni n ó máa rántí Sátidé tí a ṣí ìléru tí a fi ń sun amọ̀ ní kíláàsì amọ̀ wa ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ìyá mi kò ya fọ́tò rí kí wọ́n tó kú, ni mo bá fi amọ̀ mọ orí wọn, tòun ti ilà àbàjà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tíṣà wa, obìnrin amọ-ère tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò, mú wáyà tí a fi ń gé amọ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká là á, ká gbẹ́ inú rẹ̀, kó má baà bẹ́ nínú iná.”

“Orí ìyá mi kẹ̀? Èèwọ̀!”

“Èmi náà la orí ìyá tèmi tí mo fi amọ̀ mọ. Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún amọ̀. Àǹtí Ṣadé, ọmọ kíláàsì wa, pariwo: “Bàbá, eékún yín o!” A là á, a gbẹ́ ẹ, a lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, a ṣí ìléru. Ìyá mi pupa bí epo, wọn kò sán níbì kankan. Gbogbo wa hó yèè. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kí ìyá mi ní ẹ káàárọ̀ kẹ́yìn.