Máṣìn Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin Tí Wọ́n Ń Wò Tí Wọn Ò Rà ní Sango

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ní Sango. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ẹ̀, ẹ̀rín á pa mí, inú á sì tún bí mi!

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, Gàní Wẹ́dà ni mò ń jẹ́. Púráímárì tírì ni mo kà dé kí bàbá mi tó mú mi lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè mi láti Iyana Iyesi dé Ijoko! Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún, tí wọ́n ń kọ́ yunifásítì lósì, ta lẹ rò pé ó ń jó irin tó gbé òrùlé wọn dúró? Àwọn ẹnjiníà tó kàwé rẹpẹtẹ máa ń dúró sẹ́yìn mi, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Mi ò lè ka pépà tí wọ́n ya ilé sí, ṣùgbọ́n ẹ fi irin hàn mí, màá sọ ibi tó ti máa ya fún yín. Ẹ̀bùn ni!

Lọ́dún yẹn, mo gba iṣẹ́ òrùlé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa gbé, lẹ́yìn Iyana Iyesi lọ́hùn-ún, nínú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Mi ò gba iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ni òjò bá dé. Ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tó fẹ́ bá mi gbé jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń jó irin wọlé rì lẹ́ẹ̀mejì, katakata ló wá fà á jáde. Awakọ̀ náà ní òun ò lọ síbẹ̀ mọ́, kódà bí mo bá sunkún níwájú òun.

Ẹ lè ní kí n kó ọkùnrin jọ kí wọ́n gbé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀! Àwọn mẹ́fà ni wọ́n. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi gba bàtà lẹ́sẹ̀ mẹ́rin nínú wọn, ni wọ́n bá gbé e kalẹ̀, wọ́n ń wá bàtà.

Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ yẹn, mo tó bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n òun lọ̀gá níbẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Bí jẹnẹrétọ̀ yín ò bá sí nílẹ̀ yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo máa pe wẹ́dà mìíràn láti Ìkẹjà."

Wẹ́dà mìíràn! Láti Ìkẹjà! Ní Ọ̀tà tí èmi Gàní wà!

Mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Lásún, ọmọ Ìkirè tó ń tún máṣìn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ló là mí lójú. Ó ní oríṣi máṣìn kan wà tó ní táyà ńlá mẹ́rin, ATV ni wọ́n ń pè é, ẹrẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀, ó sì ń wọ́ ẹrù bíi màlúù. Ó ní Alhaja kan tó ń ta máṣìn ní Sango ní irú ẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè la lọ. Àgbà obìnrin ni Alhaja, ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló fi ọjà náà sílẹ̀ fún un. Méjì ló ní. Ọ̀kan pupa, ó ń dán yinrin níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó sọ iye tó ń ta ìyẹn, Lásún ní ká máa lọ sílé. Alhaja bá mú wa lọ sẹ́yìn, ó ká aṣọ kúrò lórí èkejì. Aláwọ̀ ewé ni, eruku ti bò ó. Ìdajì owó pupa yẹn ló pè é.

Mo ní ṣé tòkunbọ̀ ni. Ó ní rárá, tuntun ni, ẹnikẹ́ni ò gùn ún rí. Ó kàn jẹ́ pé oríṣi ti àtijọ́ ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti ṣe oríṣi méjì mìíràn lẹ́yìn ẹ̀.

"Ọdún mélòó ló ti lò níbí, Alhaja?"

"Ọdún mẹ́rin."

"Ọdún mẹ́rin! Kí ló wá dé tí wọn ò rà á?"

Alhaja ní, "Ohun tí gbogbo yín máa ń bi mí nìyẹn. Ẹ ó dé, ẹ ó wò ó, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí wọn ò rà á, ẹ ó dìde, ẹ ó lọ. Ẹlòmíràn á tún dé."

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ìdáhùn nìyẹn? Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń ṣe é! Mo bọ́ fìlà mi, mo sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo wọ abẹ́ ẹ̀ lọ. Mo fọwọ́ pa gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin ẹ̀ pọ̀. Páìpù tó nípọn ni, wọ́n jó o yíká láì fo ibì kan. Iṣẹ́ ẹni tó mọṣẹ́! Mo tún lọ wọ abẹ́ pupa tó wà níwájú. Irin tín-ín-rín, wọ́n kàn jó o tó-tò-tó bí ẹni tó ń sáré lọ sílé. Àtijọ́ yẹn lágbára ju tuntun lọ! Mo sọ fún Alhaja bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Lásún ní tiẹ̀ ní bátìrì ti kú, táyà ti ń gbẹ, kabúrétọ̀ sì dọ̀tí. Ó fọ̀ ọ́ níbẹ̀, ó so bátìrì mìíràn mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dáhùn! Ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò rú èéfín.

Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Ẹ̀rù tún bà mí sí i ni! Ká ní ó kọ̀, ǹ bá mọ ohun tó ń ṣe é. Èyí tó dáhùn yìí, níbo ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà? Ọdún mẹ́rin, gbogbo Sango ń kọjá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án?

Lásún fà mí sẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, a mọ̀ pé ẹnì kan ti lò ó lókè òkun, ó sì ṣiṣẹ́ fún un. Èyí ńkọ́? Ta ló lè jẹ́rìí ẹ̀?"

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ṣé ẹ̀yin náà kì í sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni nínú yín tí fíríìjì ẹ̀ kì í ṣe tòkunbọ̀? Èyí tí òyìnbó ti lò la fọkàn tán. Mo sọ fún Alhaja pé màá padà wá. Ó da aṣọ bò ó padà.

Ṣùgbọ́n irin yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ròyìn ẹ̀ nílé, mo ròyìn ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kafáyà, ìyàwó mi, ní, "Bàbá Kafáyà, láti àná lẹ ti ń sọ̀rọ̀ abẹ́ máṣìn yìí. Ẹ kúkú lọ fẹ́ ẹ, kí n mọ̀ pé mo ti ní orogún." Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Iyana Iyesi, gbogbo àwọn tó ń dúró de ààyè ni mo ṣàlàyé fún. Mo ní kí wọ́n fetí sílẹ̀ sí ọ̀gá wẹ́dà: nínú gbogbo máṣìn tó wà ní Sango, èyí tí Alhaja fi aṣọ bò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni irin ẹ̀ dára jù. Wọ́n ń gbọ́. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ irin, ó máa ń dùn.

Láàárọ̀ Sátidé, Lásún ní òun ti rí tòkunbọ̀. Irú ẹ̀ gan-an, ọdún kan náà! Lọ́nà Ijoko ni, lọ́wọ́ Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin kan tó ń ta ọjà òkè òkun. Nígbà tá a débẹ̀, ìjókòó ẹ̀ ti ya díẹ̀, ara ẹ̀ ti ha. Ọkàn mi balẹ̀! Ẹ ò rí i? Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí nìyí! Owó tí Ṣẹ́gun pè ò jìnnà sí ti Alhaja. Mo ti ń na ọwọ́ sápò.

Nǹkan kan ní kí n wo abẹ́ ẹ̀ ná. Mo sùn sílẹ̀. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun gbogbo ibẹ̀, ó ṣì ń rùn. Ta ló ń kun abẹ́ máṣìn? Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Ṣẹ́gun pariwo. "Dádì! Dádì, ẹ máa ba kọ́lọ̀ jẹ́!"

Mo ní, "Kọ́lọ̀ wo? Ojú egbò lo fi ọ̀dà bò yìí!"

Irin náà ti ṣẹ́ sí méjì rí, láàárín gbùngbùn, ẹnì kan ló jó o pọ̀. Wẹ́dà burúkú ni ẹni náà sì jẹ́! Bí mo bá gbé jẹnẹrétọ̀ mi lé e, kò ní dé ìdajì ọ̀nà. Mo wo Lásún. Mo ní ẹlẹ́rìí ẹ nìyí, ẹni tó lò ó lókè òkun tí ó fi ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lásún wolẹ̀.

Ọ̀kadà la gùn dé Sango, a ò dúró níbì kan. Èmi tí mo ti fojú ara mi rí ohun tó dáa, kí ni mo tún ń wá kiri?

Nígbà tá a wọlé, aṣọ ti kúrò lórí ẹ̀. Bàbá kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jókòó lé e lórí, ó di ọwọ́ máṣìn náà mú, rìsíìtì wà lápò àyà ẹ̀. Díkínì ni, òun ló ń bójú tó ilẹ̀ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wọn lápá Itele. Alhaja nawọ́ sí mi, ó sọ fún un pé, "Ẹni tí mò ń sọ nìyí." Ni díkínì bá bọ́ sílẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ tọwọ́ méjèèjì.

"Gàní Wẹ́dà! Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá wo máṣìn yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé kí ló dé tí wọn ò rà á. Lánàá mò ń dúró kí wọ́n gẹrun mi, mo gbọ́ tí ẹ̀ ń ṣàlàyé irin ẹ̀. Agẹrun náà ní ẹ kì í ṣìnà lórí irin. Mo ní, ó parí!"

Èmi! Ẹnu mi tí mi ò rí nǹkan dí!

Alhaja ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Gàní, ọdún mẹ́rin ni mo fi polówó ọjà yìí. Ọjọ́ kan péré lo fi tà á."

Mo jókòó sórí àgbá kan tó wà níbẹ̀. Mọ́ńdè ń bọ̀. Mò ń rí wẹ́dà Ìkẹjà yẹn tó gun orí òrùlé mi. Ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n èmi Gàní, tí mi kì í bẹ èèyàn, mo dìde mo bẹ díkínì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un: iṣẹ́, ẹrẹ̀, ẹnjiníà.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní àga àti àgbá omi lòun fẹ́ máa fi kó kiri ilẹ̀ àdúrà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òun máa kó wọn lé, máṣìn nìkan lòun rà. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tó yé mi. Mo máa jó tírélà kékeré fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, onítáyà méjì, èyí tí kò ní ya láyé yín. Ẹ yá mi ní máṣìn yìí ní Mọ́ńdè nìkan."

Ó ní ṣé mo lè parí ẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè. Ẹ wo ìbéèrè!

Títí dọ̀la ẹ̀ ni mo fi jó o. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Lásún ló gùn ún, jẹnẹrétọ̀ wà nínú tírélà, èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún. Kò rì! Ó kàn ń tú ẹrẹ̀ sókè bí ẹni ń bínú. Ẹnjiníà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ bàtà òjò nígbà tá a dé. Ó la ẹnu, ó ní, "Bàbá, ta ló ni máṣìn yìí?"

Mo ní, "Wo irin tó gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn. Èmi ni mo jó o."

Òrùlé yẹn wà níbẹ̀ dòní. Máṣìn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Itele. Bí mo bá pàdé ẹ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ọkàn mi á ṣe mí báyìí-báyìí.

Ohun tí mo kọ́ nìyí o. Bí o bá mọṣẹ́ ẹ, tí ojú ẹ rí i pé nǹkan dáa, tí ọwọ́ ẹ sì kàn án, má ṣe máa bi ara ẹ pé kí ló dé tí àwọn ẹlòmíràn ò rà á. Àwọn ẹlòmíràn náà ń bi ara wọn bẹ́ẹ̀ nítorí tìẹ! Èkejì: ohun tó o bá fẹ́ rà, kọ́kọ́ rà á, kó o tó máa ròyìn ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gẹrun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjà wo lẹ wò, tí ẹ wò, tí ẹlòmíràn fi gbé e lọ lójú yín? Ta ló ti ra tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà bo egbò ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má tijú, bó ti wù kó gùn tó. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń kàwé, ṣùgbọ́n mo máa ń kà á tán.