Ojú Ìyá Wàlíyátù

Ọ̀rẹ́ mi Wàlíyátù kì í bá mi délé tààrà bí a bá ti ọjà bọ̀. Bí a bá ti ta gàrí tán l'Éjìgbò, tí èmi ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wa padà sí Ọlà, òun á ti máa rìn lọ sí kánsù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń lọ, yàrá méjì tí kánsù kó ohun àtijọ́ ìlú sí, tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo máa ń tẹ̀ lé e tìkanra-tìkanra. Kí ni aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ àti ọlọ tó ti kán fẹ́ ṣe fún mi? Ọlọ wà nílé wa tó ń lọ ata.

Fọ́tò kan ló ń lọ wò níbẹ̀. Mọ́tò akẹ́rù tó kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àbíjàn ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí èmi àti Wàlíyátù ṣì ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀. Àwọn obìnrin tò síwájú mọ́tò náà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ráfátù, ìyá Wàlíyátù, wà lára wọn. Ìyẹn dájú, torí ìyá àgbà rẹ̀ kò gbàgbé orúkọ tí wọ́n kọ síwájú mọ́tò náà títí ó fi kú: Ọlọ́run-ò-sùn, ó sì hàn gbangba nínú fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n èwo ni Ráfátù nínú wọn? Buaké, ní ilẹ̀ Àbíjàn lọ́hùn-ún, ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi tọ́ Wàlíyátù dàgbà. Bó bá ṣe àìgbọràn díẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ á ní, "Ìyá tó bí ọ gun mọ́tò lọ, kò bojú wẹ̀yìn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹgba lọ. Ó ti bímọ, ó ti sin ọkọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ bí a bá jókòó ti agbada tí èéfín bò wá, á ṣàdédé bi mí pé, "Kàdíjà, ṣé èèyàn lè fi ọmọ sílẹ̀ kó má bojú wẹ̀yìn?" Màá ní kó kọjú sí gàrí kó má jóná.

Nígbà tó yá, ó yan ìyá fún ara rẹ̀. Obìnrin gíga kan wà láàárín fọ́tò náà, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ sì hàn. Wàlíyátù náà ní èjí. Ó ní ìyá òun nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti wọlé, á kúnlẹ̀: "Ẹ kú ilé o, màámi. Ọjà òní ò burú." Débọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kánsù fi síbẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí, á gbé àga fún un ni. Èmi ni mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá tìrẹ yìí ò tó ọmọ rẹ lọ́jọ́ orí o."

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, a bá àlejò níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ti Àbíjàn wá ṣọdún ni, Àlàájà Ṣùkúrátù. Wọ́n fara ti ọ̀pá, wọ́n ń wo fọ́tò wa, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n na ìka sí obìnrin tó ní èjí náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi rèé," ni wọ́n wí fún Débọ̀. "Wuí, bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Èmi sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọge ni mí nígbà náà."

Mo wo Wàlíyátù. Ojú rẹ̀ ti fà ro. Gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn, ìyá oníyàá ló ń kí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ fà á jáde. Àmọ́ ó kúnlẹ̀ fún Àlàájà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ mọ Ráfátù, ará Ọlà?"

"Ráfátù tó sunkún títí a fi dé Ìbàdàn? Ṣé mo lè gbàgbé ìyẹn ni? Òun nìyí."

Ìka wọn bọ́ sí ìparí ìlà, lápá òsì, níbi tí obìnrin kan ti kẹ̀yìn sí wa, tó kọjú sí òsì. Ọrùn rẹ̀ àti etí kan la rí. A ti ń rí i tipẹ́, a rò pé ẹni tó ń kọjá lọ ni.

"Onífọ́tò bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kọjú síbí," ni Àlàájà wí. "Kò gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn ìyá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí fọ́tò kò dé, kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Báyẹn ni wọ́n ṣe ya fọ́tò náà. Nínú mọ́tò gan-an, ẹ̀yìn ló ń wò."

Débọ̀ ní àwọn ọmọ onífọ́tò náà ló kó àwọn fọ́tò wá fún kánsù nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé bàbá wọn. Ká ní wọ́n ti dáná sun ún ńkọ́? Ta nínú wa ni ì bá gbé fọ́tò ẹni tí kò mọ̀ kọ́ sí pálọ̀? Àfi ilé tó jẹ́ ti gbogbo wa.

Wàlíyátù kò sunkún. Ó wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ojú wọn ńkọ́, mà? Báwo lojú màámi ṣe rí?"

Àlàájà ronú, wọ́n mi orí. "Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mo ti gbàgbé ojú. Ẹkún rẹ̀ ni mo rántí."

Mo rò pé a ó máa lọ nìyẹn, torí òjò ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n Wàlíyátù sún lọ sí apá òsì fọ́tò náà, níbi tí Ráfátù kọjú sí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì dúró síbẹ̀.

"Wàlíyátù, ilẹ̀ ń ṣú," ni mo wí.

"Ẹ ní sùúrù," ló dá wa lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí màámi wò mí díẹ̀ sí i."