Káàdì Abẹ́ Fọ́tò Atò-lẹ́tà

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Àǹtí Gíláàsì ti ń nu gíláàsì ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì yẹ ẹ́, torí kò sí àpótí gíláàsì kan nínú yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò mọ ibi tó ti sán. Àwọn tó kàwé wà lókè, wọ́n ń kọ ìtàn ìlú. Òun wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àkísà àti omi ọṣẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé ìpàtẹ tuntun kalẹ̀, ìtàn ilé ìtẹ̀wé àkọ́kọ́ nílùú. Wọ́n to lẹ́tà òjé sínú pákó, bí àwọn atò-lẹ́tà ṣe ń tò ó fún ìtẹ̀wé, wọ́n gbé ẹ̀rọ àtijọ́ sí àárín yàrá, wọ́n sì sọ fọ́tò kékeré kan di gàgàrà, wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Ọkùnrin inú rẹ̀ ká apá ẹ̀wù sókè, ìka rẹ̀ dúdú fún yíǹkì. Inú Àǹtí Gíláàsì dùn ṣìnkìn. Bàbá rẹ̀ ni! Ó sún mọ́ ọn, ó ka káàdì tó wà nísàlẹ̀: "Atò-lẹ́tà kan. A kò mọ orúkọ rẹ̀."

Ó ju àkísà sílẹ̀, ó gòkè lọ bá akọ̀wé àkójọ, ẹni tó ń tọ́jú ìwé àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bàbá mi lẹ gbé kọ́ sísàlẹ̀ yẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ wọn sí i kó tó di Sátidé tẹ́ ẹ máa ṣí ìpàtẹ. Ìyá mi ń bọ̀ wá wò ó."

"Háà, Àǹtí, ó mà dáa o! Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin wa, a kì í kọ orúkọ láìsí ẹ̀rí. Ẹ mú fọ́tò wọn mìíràn wá, ká fi wéra."

"Ẹyọ kan ṣoṣo yẹn la ní. Èmi ni mo fi ta ilé yìí lọ́rẹ lọ́dún tí mo wọṣẹ́."

Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá. "Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé òṣìṣẹ́ wa kan ló mú un wá. Wọn ò kọ ẹni tó jẹ́."

"Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò kékeré náà wò nígbà náà. Ìyá mi fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ síbẹ̀."

Akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kó má baà ká. Tá a bá ṣí i, yóò ya. Òfin ò sì gbà ká ba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jẹ́."

"Ẹ lẹ ẹ̀rí mọ́ páálí tán, ẹ wá ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀, Àǹtí."

Ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú wọ́n ní ìgbìmọ̀ kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ẹtì ó dènà de ọ̀gá pátápátá lórí àtẹ̀gùn, ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A ó wò ó." Èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí, mi ò tíì rí ohun tí irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wò rí. Inú ń bí obìnrin yìí gidigidi. Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ni yóò lọ bá jà, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà?

Sátidé pé. Èrò kún. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, ó ní ìlú yìí kò gbàgbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá arúgbó tẹ ọ̀pá wọlé, ó rí ògiri, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ọkọ mi o! Ẹ wo bí wọ́n ṣe dúró!"

Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó rọra ka káàdì náà sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, títí tó fi parí. Ó tún un kà. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣebí ibí lo ti ń ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ìwọ náà ò mọ orúkọ wọn ni?"

Àǹtí Gíláàsì fẹ́ ṣàlàyé ti páálí, ó fẹ́ sọ ti ìgbìmọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sórí káàdì náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ nu káàdì yẹn tó fi ń dán.