Ìka Kẹfà Ọ̀gágun Káládò

Ilé oníyàrá mẹ́ta ni Abọ́dúndé ń gbé ní Súrùlérè, ṣùgbọ́n méjì péré ni òun àti Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń lò. Ọ̀gágun Káládò ló ni ẹ̀kẹta. Káládò kì í gbálẹ̀, kì í fọ abọ́, kì í sì í kí àlejò, síbẹ̀ yàrá tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú gbogbo ilé náà.

Àwọn tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún yóò rántí Káládò. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, òun ni ọ̀gágun orí òkè dígí nínú kàtúùnù tí wọ́n máa ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní àràárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó ní idà tí ń bù yẹ̀rì, ó ní ẹṣin tí ń fò, kò sì ní bàbá tí yóò rán an ní omi. Ohun tí ó gbẹ̀yìn yìí ni Abọ́dúndé, ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, fẹ́ràn jù lára rẹ̀.

Àwọn ọmọ yòókù dàgbà, wọ́n gbàgbé. Abọ́dúndé dàgbà, ó di akọ̀wé àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó Káládò jọ. Ó ní ọmọláńgidi Káládò mẹ́tàdínlógún tí ẹnikẹ́ni kò tú jáde nínú páálí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe wọ́n. Ó ní fúláàsì Káládò tí omi kò wọ̀ rí, ó sì ní aṣọ ìbora Káládò tí kò bo ẹnikẹ́ni rí, àní nínú ọyẹ́. Làbákẹ́, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni ìwúlò ohun ìṣeré tí a kì í fi ṣeré. Abọ́dúndé ṣàlàyé fún un fún wákàtí kan gbáko. Kò béèrè mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun nìkan ni. Wọ́n ní ẹgbẹ́. Àwọn mẹ́tàlélógún ni wọ́n ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yábàá, tí oníkálukú wọn yóò gbé ohun tí ó ní wá, tí yóò sì wo ti ẹlòmíràn tìlaratìlara. Abọ́dúndé ló kọ òfin ẹgbẹ́ náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ó rò pé wọ́n nílò òfin. Ọgbọ̀n ni. Èyí tí ó fẹ́ràn jù ni ẹ̀kẹrìnlá: ohunkóhun tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá ti kàn lẹ́yìn àwọn tí ó ṣe é, kì í ṣe òrijíná mọ́, tábìlì ẹ̀yìn ni yóò wà. Tábìlì ẹ̀yìn yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, níbi tí wọ́n ń to kéréètì mínírà sí.

Ní ọdún tí ó kọjá, Morákinyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, gbé ọmọláńgidi Káládò kan wá tí apá rẹ̀ ti yọ rí, tí ó sì ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ padà. Abọ́dúndé yọ awò tí ń mú nǹkan tóbi jáde nínú àpò, ó wo apá náà, ó ka òfin kẹrìnlá sókè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé aláàbọ̀ ara náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀. Morákinyọ̀ bẹ̀bẹ̀ pé apá lásán ni. Abọ́dúndé fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ ọmọ òun gan-an, ibẹ̀ náà ni òun ìbá gbé e sí.

Nínú oṣù kẹta ọdún yìí ni Olúgbódi dé.

Kí wọ́n tó máa fi kọ̀ǹpútà ya kàtúùnù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á, lórí ọ̀rá líle tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rá fún eré ìdajì wákàtí. Ó jọ pé oorun ń kun òyìnbó tí ó ń ya Káládò lọ́jọ́ kan, ó bá ya ìka mẹ́fà sí i lọ́wọ́ òsì. Wọn kò rí i títí eré fi jáde. Mẹ́rin péré ni wọ́n ní ó ṣẹ́kù láyé nínú àwòrán ọ̀hún, àṣìṣe yẹn ló sì sọ ọ́ di ohun iyebíye. Ká ní òyìnbó náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ni, ààtàn ni ìbá gbà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ ní Olúgbódi, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí ó bá mú ìka mẹ́fà wá sáyé. Ọdún mẹ́ta ni Abọ́dúndé fi ń kọ lẹ́tà sí opó òyìnbó náà kí ìyá tó gbà láti tà á. Nínú lẹ́tà ìkẹyìn, ìyá náà ní òun gbà kí òun lè ní ìsinmi.

Abọ́dúndé kéde pé ní ọjọ́ àjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́, Olúgbódi yóò wà lórí tábìlì iwájú, ní àárín gbùngbùn. Férémù ló kù.

Férémù kò ju ọ̀dọ̀ Àlàájì Yẹ̀kínnì lọ ní gbogbo Múṣin. Kí fóònù tó dé, títún fọ́tò ṣe ni iṣẹ́ bàbá yìí. Bí o bá dijú nígbà tí wọ́n ń yà ọ́, Yẹ̀kínnì yóò là á fún ọ. Bí kókó bá yọ níwájú orí rẹ, yóò fi abẹ ha á kúrò. Wọ́n ní ó fún bàbá kan ní eyín mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, tí àwọn ọmọ fi ń dúpẹ́ pé bàbá àwọn kò tíì rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Abọ́dúndé wọ ìbọ̀wọ́ kí ó tó fa àwòrán náà lé e lọ́wọ́. Ó ti tẹ ìlànà sínú ìwé, ojú ewé méjì: kí oòrùn má kàn án, kí ìṣó má sún mọ́ ọn, kí wọ́n má mí lù ú. Àlàájì dúpẹ́, ó gba ìwé náà. Gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, Abọ́dúndé pè é sí àjọyọ̀ náà. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sọ gbólóhùn kan tí kò sí nínú ìwé:

“Àlàájì, ẹ ṣáà bá mi tún un ṣe kó dáa.”

Ìwé náà ni Àlàájì fi dí ẹnu ìgò ọ̀dà. Gbólóhùn yẹn ni ó mú lò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí àjọyọ̀ ku ọ̀la, Abọ́dúndé padà lọ gbà á. Férémù náà dán bí ojú ìyàwó tuntun. Abọ́dúndé yìn ín, ó sún mọ́ ọn, ó kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà.

“Àlàájì, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ dà?”

“Ó pé.”

“Mẹ́fà ni tẹ́lẹ̀, sà.”

Àlàájì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí ó ti ń ṣe oore ní ìkọ̀kọ̀. “Ẹ rí i náà? Ẹni tó yà á ò ka ìka. Mo ti bá yín ha á kúrò. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò ní gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.”

Abọ́dúndé jókòó lórí àpótí ìṣó. Ó ṣàlàyé. Àlàájì gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tí ibà ń ṣe.

“Akọ̀wé, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé bí ò ṣe dáa yẹn ló fi dáa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Kò le. N óò dá a padà.”

Abọ́dúndé mọ òfin kẹrìnlá ju bí ó ṣe mọ orúkọ àwọn àna rẹ̀ lọ. Ó sì mọ̀ pé ọ̀la ni àjọyọ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé rárá. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó jáde lọ ra omi, ó sì mu ún lọ́dọ̀ olómi fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó padà, Olúgbódi ti ní ìka mẹ́fà. Ìka tuntun náà dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní èékánná.

Lọ́jọ́ kejì ní Yábàá, wọ́n rọ̀gbà yí tábìlì iwájú ká. Àwọn àgbà tí wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ní yunifásítì ń ka ìka sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹnì kan sọ pé iṣẹ́ òrijíná kì í fara sin. Ẹlòmíràn ní kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ya irú rẹ̀ láyé òde òní. Morákinyọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín,” ó wí. “Èékánná yẹn ló pa mí.”

Abọ́dúndé dúpẹ́, ó nu òógùn ojú. Nígbà náà ni Àlàájì Yẹ̀kínnì wọlé, nínú aṣọ funfun báláú, pẹ̀lú fìlà tuntun. Abọ́dúndé ti gbàgbé pé tí a bá pe àwọn kan, wọ́n máa ń wá.

Àlàájì dúró lẹ́yìn, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ìka náà. Ó fi ara balẹ̀ kí wọ́n yìn ín tán, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ ilé. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Àná ni mo ṣe ìka yẹn. Èmi ni mo fi èékánná sí i, ẹ̀bùn ni.”

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ bóyá ó yẹ. Gbogbo ojú yí sí Abọ́dúndé, ó sì hàn pé ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá: bí ó bá lè sọ pé àgbàlagbà ń ṣe àwàdà, tàbí pé ọjọ́ orí ti dé, wọn yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, tábìlì iwájú yóò sì wà bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlàájì ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí pé kí akọ̀wé fi òun han àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọwọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Morákinyọ̀ wí jẹ́jẹ́, “kí ni òfin kẹrìnlá wí ná? Mo ti gbàgbé.” Kò gbàgbé.

“Òótọ́ ni Àlàájì sọ,” ni Abọ́dúndé dáhùn. “Wọ́n bá mi tún un ṣe. Mo sì mọ̀.”

Ó ka òfin kẹrìnlá sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àmì ìdánudúró rẹ̀ gbogbo. Ó mú rúlà, ó fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ Olúgbódi nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kì í ṣe òrijíná. Lẹ́yìn náà ó gbé férémù náà mọ́ àyà, ó la àárín wọn kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀. Ọmọláńgidi Morákinyọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Morákinyọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá a sún un sápá kan kí àyè lè gbà wọ́n.

Àlàájì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ó rí i pé ibi tí mínírà wà ni wọ́n gbé iṣẹ́ òun lọ, ó gbà pé ibi iyì nìyẹn, ó dúpẹ́ gan-an. Bí òùngbẹ sì ṣe ń gbẹ àwọn ènìyàn, tábìlì ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń dúró sí, tí wọ́n ń béèrè ẹni tí ó ṣe férémù. Abọ́dúndé dúró tì í, kò sí òógùn lójú rẹ̀ mọ́.

Bí Àlàájì ti mu mínírà rẹ̀ dé ìdajì, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọmọláńgidi tí wọ́n fi gúlúù lẹ apá rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́wọ́ bọ àpò níbi tí abẹ rẹ̀ ń gbé.

“Ta ló lẹ eléyìí? Ó wọ́.”

Abọ́dúndé àti Morákinyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà.

“Àlàájì,” ni Abọ́dúndé wí, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wa tún un ṣe.”