Abọ́ Ìyàwó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kambolé, nítòsí ààlà ilẹ̀ Benin, ènìyàn méjì péré ni yàrá ìyá mi lè gbà, nítorí abọ́. Abọ́ irin tánganran olódòdó ni, tí wọ́n tò léra láti ilẹ̀ títí kan àjà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máà mọ̀, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, gbàrà tí obìnrin bá ti bí ọmọbìnrin ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra abọ́ tí ọmọ náà máa gbé lọ sílé ọkọ. Bí ìyá mi bá ta àgbàdo, á ra abọ́. Bí ó bá ta èlùbọ́, á tún ra abọ́. Bí mo bá ní kó ra ìwé fún mi, á ní kò sówó.

Síbẹ̀ mo kàwé. Mo ka ti Kambolé, mo ka ti Tchamba, mo sì yege ìdánwò báàkì, èyí tí a fi ń wọ yunifásítì, ní Sokodé. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni ọkàn mi fẹ́, kò sì sí i nítòsí wa nígbà náà. Yunifásítì kan ní ilẹ̀ Benin gbà mí. Benin tí àwọn àbúrò bàbá mi ń gbé, tí a máa ń lọ ná ọjà wọn tí a ó sì padà délé kí oòrùn tó wọ̀, àlejò ni ilé-ìwé náà pè mí, owó àlejò ni wọ́n sì ní kí n san. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú.

Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu, ní ẹni tó bá ti lè ka lẹ́tà ti kàwé tó. Mo wá bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ kí n ta àwọn abọ́ náà. Ó ní, "Tìẹ ṣáà ni wọ́n. Bí o bá rí ẹni rà á, tà á."

Inú mi dùn dénú. Mo di èyí tó dára jù nínú wọn, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó di Sokodé. Àwọn obìnrin ń ya síbi tí mo tò wọ́n sí, wọ́n ń fi ìka kàn wọ́n, wọ́n ń yìn wọ́n. Ìyá àgbà kan tó gbọ́ èdè wa ló kọ́kọ́ bi mí.

"Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ ló kú ni, àbí ó lé ọ?"

Mo ní n kò tíì lọ́kọ rárá, owó ilé-ìwé ni mo ń wá. Ó rọra gbé abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Abọ́ ìyàwó tí kò tíì rí ilé ọkọ, ta ni yóò fi í jẹun? Gbé e padà fún ìyá rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà ti kárí ọjà kí n tó mọ̀. Mo dín iye rẹ̀ kù, mo tún dín in kù, kò sí ẹni tó tún dúró. Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mú àkísà, ó nu eruku ọ̀nà kúrò lára wọn, ó sì tò wọ́n padà sáyè wọn. Ìgbà náà ló yé mi pé ó ti mọ̀ kí n tó lọ. Ó dùn mí gan-an, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín.

Mo gba yàrá kan ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé, mo ń din dùndú nítòsí mọ́ṣáláṣí. Epo gbígbóná jó mi lápá, àpá rẹ̀ nìyí. Kí owó tó pé, yunifásítì náà ti fi àyè mi fún ẹlòmíràn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló kù. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo lọ sí Benin. Irun ni mo ń di fún àwọn obìnrin ìlú tí ilé-ìwé náà wà tí mo fi ń jẹun títí mo fi parí. Mo padà wá ṣe tíṣà ní Tchamba, mo lọ́kọ, abọ́ sì bá mi lọ. Ẹran tí mo fẹ́ tọ́jú, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé kíláàsì.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin rí yunifásítì ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún yìí, wọ́n sì ní kó kọ́kọ́ fi owó tí yóò ná níbẹ̀ hàn ní báńkì kí wọ́n tó fún un ní físà. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin tí mo fi owó tíṣà rán nílé-ìwé, ní òun kò lówó. Ṣùgbọ́n ó ti ra fíríìjì àti àga tìmùtìmù tí ọmọ náà yóò gbé lọ sílé ọkọ, wọ́n wà nínú ọ̀rá nínú yàrá. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó sú mi.

Èmi náà kó abọ́ mi jáde. Ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ló wá, ó dà wọ́n sórí òṣùwọ̀n, ó fún mi ní owó tí kò tó owó ọkọ̀ dé Lomé tí wọ́n ti ń gba físà. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ọkọ mi kú.

Ọmọ ọmọ mi wà ní Komah báyìí, ó ń din dùndú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yẹra fún epo.