Èèpo Ẹkùrọ́ Orí Ibojì Bàbá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, láyé ìjọba ológun, àwa ará abúlé wa nítòsí Elegbeka kì í da nǹkan nù bákan ṣáá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Bí a bá fọ́ ẹkùrọ́ tán, èèpo rẹ̀ la fi ń dáná, òun náà la ń dà sójú ọ̀nà kí ẹrẹ̀ má bàa gbé wa ṣubú. Lára rẹ̀ sì ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti ń yọ òògùn làpálàpá. Á kó èèpo gbígbẹ sínú ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, á gbé e ka orí òmíràn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, á wá koná lé e. Epo dúdú tó ń rùn burúkú á máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni làpálàpá bá lórí. Orí ọmọ ọ̀hún ń ṣomi, irun rẹ̀ ń re, tíṣà sì lé e wálé pé kó má padà wá àfi tó bá san. Ojoojúmọ́ ló ń sunkún. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tí ń fọ́ ẹkùrọ́ dé Okeluse. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń kó ẹkùrọ́ lọ, àwọn alágbẹ̀dẹ sì ti ń dúró níbẹ̀ láti ra èèpo tí wọ́n fi ń koná. Ìyá àgbà wá a títí, kò rí.

Ibì kan ṣoṣo ló kù, ibojì bàbá àgbà lẹ́yìn ilé. Èèpo ẹkùrọ́ la fi ń bo ibojì nígbà náà, kí òjò má bàa gbá a lọ. Àgbélébùú igi tó wà níbẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú bàbá síhòòhò."

Ìyá àgbà ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ọkọ mi ni. Bó bá wà láyé, òun gan-an ni ì bá kó o fún mi." Ó ń kó o sínú agbọ̀n, ó ń sunkún.

Ó yọ epo náà, ó fi pa àbúrò mi lórí, orí rẹ̀ gbẹ, ó sì padà síléèwé. Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà kò ṣàánú wa rárá. Ó gbá òkìtì ibojì náà lọ, koríko bo ibẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá àgbà kú.

Ayé ti yí. Ìpara wà ní gbogbo kẹ́místì lónìí, èmi gan-an ò sì lè yọ epo yẹn mọ́, ó ń dùn mí. Símẹ́ǹtì la wá fi ń ṣe ibojì. Nígbà tágbára wa ká a, a gbé símẹ́ǹtì lọ sílé láti ṣe ti bàbá àgbà. Ojú ibojì ò hàn mọ́: bàbá mi nawọ́ síbí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin nawọ́ sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ wọn ò bára mu. Àbúrò mi obìnrin dúró láàárín wọn.

Ó ní, "Bàbá àgbà lẹ fi wo orí mi sàn."

A gbé símẹ́ǹtì wa padà sínú ọkọ̀.